Èsì: Bíréèkì tó ń wọlẹ̀ lórí ọ̀nà òkè

Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ní bíréèkì ẹ̀yìn máṣínì (alùpùpù) yín máa ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ yín tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, àti pé kọ́nà tó ṣẹ́rí padà máa ń gbé yín lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀. Lójú tèmi, ìdí kan náà ló fa méjèèjì: eré tí ẹ fi ń wọ kọ́nà ti pọ̀ jù.

Ẹ fi máṣínì sí jíà kejì, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú. Bíréèkì téèyàn tẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò á gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ á wá máa wọlẹ̀ lásán. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kó tutù. Kẹ́ ẹ tó yí ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù, kì í ṣe ìgbà tí máṣínì ti tẹ̀.

Ibi tójú ń wò ni gbogbo ẹ̀. Èmi tẹjú mọ́ yanrìn díẹ̀ létí títì lọ́jọ́ kan, àfi bíi pé wọ́n fokùn fà mí. Orí yanrìn yẹn gan-an ni táyà iwájú lọ. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jáde sí ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ má sì sún mọ́ ìlà àárín. Bí máṣínì bá tẹ̀, táyà lè wà lápá tiyín, kí orí yín ti wà lápá ẹlòmíràn.

Ní ọ̀nà òkè Stelvio, ní Ítálì, kọ́nà tó ṣẹ́rí padà bẹ́ẹ̀ 48 ló wà lápá ìlú Prato nìkan. Bí bọ́ọ̀sì bá ń yí níbẹ̀, gbogbo títì ló ń gbà. Ẹ jẹ́ kó yí tán.