Ikọ́ Bàbá Tó Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ogun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi wà nínú Nefì nígbà ogun Biafra, yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ti lé ní 80 ọdún báyìí, èémí wọn ò délẹ̀ mọ́, ikọ́ gbígbẹ ò sì lọ. Ẹnì kan ní eruku asbestos, ìyẹn ohun èlò onífọ́nrán tí wọ́n fi ń dènà ooru, ló fà á. Ṣé ó ṣeé ṣe lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó báyìí? – Ọmọ Bàbá, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ó ṣeé ṣe o, torí àìsàn asbestos lè gbà tó 20 sí 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fojú hàn. Láyé ìgbà yẹn asbestos ni wọ́n fi ń wé páìpù àti bọ́ílà inú ọkọ̀ ogun nítorí ooru, tí wọ́n bá wá ń tú u láti tún nǹkan ṣe, eruku ẹ̀ á gba gbogbo yàrá tí atẹ́gùn ò ti ráàyè yẹn, wọ́n á máa fà á símú, á sì há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, ó lè fa jẹjẹrẹ. Tí bàbá bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́, torí sìgá pẹ̀lú asbestos burú jọjọ.

Ṣùgbọ́n ikọ́ ife tàbí àìsàn ọkàn náà lè ṣe báyìí, ẹ gbé wọn lọ ṣe ẹ́ksíréè, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) tó wà ní Ọ̀wọ̀ bí àpẹẹrẹ, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún dókítà, torí kò ní mọ̀ tẹ́ ò bá sọ. Ìyá tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn nígbà náà ńkọ́? Eruku yẹn lè bá aṣọ wọlé, ẹ mú àwọn náà dání.