Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹni tó ń sin ewúrẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ní ọkọ yín ń sin ewúrẹ́, ibà ti ń lọ ń bọ̀ lára wọn láti bí oṣù kan, wọ́n sì ti lo oògùn màléríà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n wò, ṣé ewúrẹ́ wọn kankan ò ṣẹ́yún láìpẹ́ yìí?

Torí bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Ogbómọ̀ṣọ́ ńbí. Ewúrẹ́ mi kan ń rọbí lóru, ọmọ ò jáde, mo bá kọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sí gílọ́ọ̀fù, ọ̀bẹ sì ti gé mi níka láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òkú ọmọ ni mo fà jáde, mo fa ibi ọmọ náà, mo fi omi lásán ṣanwọ́, mo lọ sùn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni ibà náà dé. Lọ́sàn-án ara mi á dá, mà á tiẹ̀ dé ìgboro ní Tákìé, ilẹ̀ á ṣú báyìí, otútù á dé, òógùn á wá rin bẹ́ẹ̀dì débi pé ìyàwó mi ń tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ mi bí ọmọ ìkókó. Ìbàdí àti gbogbo oríkèé ń ro mí. Wọ́n ní màléríà, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù, dírìpù lórí dírìpù, ìyá mi ní ayé ni. Dókítà kópà kan ló bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní ewúrẹ́, ló bá ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi míì.

Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà, Brucella ló ń jẹ́, kòkòrò tó ń ṣẹ́ oyún ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Ó máa ń wà nínú ibi ọmọ, omi tó ń bá ọmọ jáde àti mílíìkì. Wàrà tí wọ́n sè dáadáa ò ní wàhálà, nọ́nò (mílíìkì kíkan àwọn Fúlàní) tí ò fojú kan iná ni kẹ́ ẹ sá fún. Doxycycline pẹ̀lú rifampicin ni wọ́n fún mi, ọ̀sẹ̀ 6 gbáko, oògùn kan ṣoṣo ò ká a, ẹ má lọ ra á ní kẹ́mísìtì láìṣe tẹ́ẹ̀sì o. Ọ̀sẹ̀ kejì ara mi yá, mo gbé e jù (ọ̀lẹ ni mí nídìí oògùn), àfi bó ṣe padà, mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Kẹ́ ẹ sì rọra bi wọ́n bóyá ẹpọ̀n ń wú wọn, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ tèmi fún ìyàwó mi àfìgbà tí ṣòkòtò ò ṣeé wọ̀ mọ́.