Ìdí tí bàálù ìjà tó ń ti ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn fi kú sórí ìwé

Àbúrò, o ní bí imú bàálù bá ṣófo fún ìbọn, kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pa bàálù ìjà tí propẹ́là rẹ̀ (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí) wà lẹ́yìn tì láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Mo ti kan méjì irú rẹ̀, àwọn kékeré tí à ń fi rìmóòtù darí. Àwọn ló kọ́ mi.

Vickers 161, bàálù ìjà ilé iṣẹ́ Vickers, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èyí gidi ṣe orí ire, wọ́n kàn án, ó sì fò ní 1931. Ìwé ìlànà F.29/27, tí ìjọba fi sọ irú bàálù tó fẹ́, ló bí i: kó gbé ìbọn ńlá COW ọlọ́ta mìlímítà 37, tí ẹnu rẹ̀ dagẹrẹ sókè, kó máa yìn ín láti abẹ́ bàálù ajubọ́ǹbù. Tèmi ò pé ìṣẹ́jú kan lókè. Bí mo ṣe jù ú, imú rẹ̀ yọ sókè, ó dúró gbọn-in, ó sì fi ìdí já lulẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti wúwo jù lẹ́yìn. Òjé ni mo wá kó sí imú rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an, nítorí gbogbo òjé yẹn ò wúlò fún nǹkan mìíràn. Nínú bàálù gidi, awakọ̀ àti ìbọn ló ń ṣe iṣẹ́ òjé náà. Ìyẹn ni pé bí ọta bá ti ń tán, ìwọ̀n ń yí padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀pá méjì tó gbé ìrù dání lọ́ nígbà tí mo yà kíákíá. Mo fi èyí tó le jù rọ́pò wọn, ìwúwo tún kún ẹ̀yìn.

Ní ti àwọn tí wọn ò kàn rárá, ìwé ìlànà F.5/33 ni kí o wò: ẹlẹ́ńjìnnì méjì, propẹ́là lẹ́yìn, ayìnbọn nínú ilé ìbọn tó ń yí ní imú. Ilé iṣẹ́ Armstrong Whitworth yàwòrán AW.34, ilé iṣẹ́ Bristol yàwòrán Type 140. Méjèèjì ò kúrò lórí ìwé. Inú ìwé ìlànà mìíràn, F.9/35, ni bàálù ìjà Defiant ti jáde, propẹ́là níwájú, ilé ìbọn lẹ́yìn awakọ̀. Ìṣòro kan sì wà tí kò sí lára bàálù kékeré wa: bí iná bá sọ, tí awakọ̀ fẹ́ bẹ́ jáde, propẹ́là ló ń dúró dè é lẹ́yìn.

Bí AW.34 bá wù ẹ́ kàn, ki bátìrì sí imú pátápátá, kí o sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìka méjì kó tó kúrò nílé.