Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí torí pé n kì í lè jí láàárọ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún 26. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni oorun kì í ti í kùn mí kó tó di aago 3 ààbọ̀ òru. Mo lè máa ránṣọ di aago 2, kó má rẹ̀ mí. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, aago 11 ni mo máa ń jí, ara mi á sì yá gágá. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé. Aago 5 ààbọ̀ ni Màámi máa ń kanlẹ̀kùn pé kí n wá gbálẹ̀. Mo ń gbá a, ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú ni mo fi ń tòògbé lórí ẹ̀rọ, mo tiẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Obìnrin kan ládùúgbò ti ń sọ pé ẹni tí kì í sùn lóru, ṣé a mọ ibi tó ń lọ? Ọkọ mi ò mọ ẹni tí òun máa gbè. Kí ni kí n ṣe? — Ìyàwó Aránṣọ*

Ìyàwó Aránṣọ, pẹ̀lẹ́ o. Ohun kan tó o kọ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí: tí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀, o máa ń sùn láti aago 3 ààbọ̀ títí di 11, wákàtí 7 ààbọ̀ gbáko, ara rẹ á sì yá. Ẹni tí àìróorunsùn ń bá jà kì í sábà rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn nígbàkigbà. Ọ̀lẹ náà kì í ránṣọ di aago 2 òru. Aago inú ara rẹ ló ń pẹ́ ju ti àwọn ará ilé lọ. Ọdún 1981 ni Dókítà Weitzman, Dókítà Czeisler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn, delayed sleep phase ni wọ́n sì ń pè é. Kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ de ọjọ́ tó o bá rí dókítà. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú: lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Rockefeller University rí àyípadà kan nínú jíìnì (ohun tí òbí fi ń tàtaré ìrísí àti ìṣesí ara sí ọmọ) tó ń jẹ́ CRY1, tó ń fà á nínú àwọn ìdílé kan. Béèrè lọ́wọ́ ìyá tó bí ọ, ta ló máa ń pẹ́ sùn láàárín yín?

Ọ̀rọ̀ aago 5 ààbọ̀ yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí, torí ó jọ pé òun gan-an wà lára ohun tó ń dá oorun rẹ dúró. Ara gbogbo èèyàn máa ń tutù lóru. Ìgbà tó bá tutù jù lọ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 kí onítọ̀hún tó jí fúnra rẹ̀. Fún Màámi tí wọ́n ń jí láago 5, aago 2 sí 3 òru nìyẹn. Fún ìwọ, aago 8 sí 9 àárọ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọjú lẹ́yìn àsìkò yẹn máa ń jẹ́ kí oorun tètè kùn èèyàn lálẹ́. Èyí tó bá wọjú ṣáájú rẹ̀, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí oorun túbọ̀ pẹ́. O wá dúró sí àgbàlá tìgbálẹ̀ tìgbálẹ̀ títí oòrùn fi yọ. Aago 7 ni lójú Màámi, àmọ́ lójú ara rẹ, òru ò tíì lọ. Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń fi agídí jí láàárọ̀ fún oṣù mẹ́fà tí oorun wọn ò sì kúrò lójú kan, tí wọ́n á wá ní ayé ló ń ṣe àwọn.

Torí náà, kọ́kọ́ ní kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ 2 tí wọn ò ní í kanlẹ̀kùn. Fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó o máa kọ aago tó o sùn, aago tó o jí, àti iṣẹ́ tó o ṣe kó o tó sùn. Dókítà máa béèrè ìwé yẹn. Ẹ̀rí rẹ lọ́dọ̀ Màámi náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, tó o bá fẹ́ fa oorun náà wá sítòsí, aago 11 ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ti jí, bọ́ síta, kó o jókòó sábẹ́ ibòji fún bí ìṣẹ́jú 45, kó o máa já ewédú tàbí kó o máa ṣa ẹ̀wà. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ìta máa ń tó lux 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án, nígbà tí inú yàrá kì í sábà ju 300. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 3, kó o wá máa jí láago 10 ààbọ̀ fún ọjọ́ 3 mìíràn, lẹ́yìn náà aago 10. Kó o tó dé aago 8, ó máa gbà ọ́ tó ọjọ́ 18. Má fò ó o! Ẹni tó bá fò láti 11 bọ́ sí 7 lẹ́ẹ̀kan náà ti padà sídìí ìgbálẹ̀ nìyẹn. Bó o bá sì lọ òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, tó o sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì, apá púpọ̀ nínú ohun tó o ti jèrè lè bá a lọ.

Alẹ́ ló máa le fún aránṣọ. Gílóòbù funfun tó ń tàn yòò lókè orí rẹ láago 1 òru ń sọ fún ọpọlọ rẹ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú. Gé aṣọ, kó o sì lo ẹ̀rọ kó tó di aago 10 alẹ́. Lẹ́yìn náà, gbé iná kékeré aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀ kó kọjú sí aṣọ, kó má kọjú sí ojú rẹ, kó o wá máa fọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ tàbí kó o máa gán bọ́tìnnì. Obì náà, bíi kọfí ni. Èyí tó o bá jẹ láago 4 ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ láago 9.

Wọ́n máa sọ fún ọ nípa melatonin, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń pèsè bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n tún ń ṣe ní hóró. Ọ̀pọ̀ ń gbé mílígíráàmù 5 tàbí 10 mì nígbà tí wọ́n bá ń lọ sùn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Láti yí aago ara padà, ìwọ̀n kékeré, mílígíráàmù 0.5, ni wọ́n máa ń lò, ní nǹkan bíi wákàtí 5 ṣáájú ìgbà tí oorun máa ń kùn èèyàn. Aago 10 ààbọ̀ alẹ́ nìyẹn fún ìwọ, á sì máa yá sí i bí oorun rẹ bá ṣe ń yá. Bá apòògùn tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀, wo nọ́ńbà NAFDAC, má sì mu ún láì rí dókítà bó bá ṣeé ṣe kó o ti lóyún tàbí tí ò ń fọ́mọ lọ́mú. Kì í ṣe Valium, oògùn tó ń mú èèyàn tòògbé, ni mò ń sọ o. Ìyẹn lè kùn ọ́ lóorun, kò ní í yí aago kankan padà, ó sì máa ń di bárakú.

Ọ̀rọ̀ Màámi wá kù. Ọkọ rẹ ni kó kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́, nítorí ọmọ wọn ni. Kó sì jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kì í ṣe láàárọ̀ tí inú ń bí wọn. Lẹ́yìn náà kó o wá kúnlẹ̀ tìwé tìwé. Má lọ bẹ ẹ̀bẹ̀ lásán, pààrọ̀ iṣẹ́ ni kó o lọ ṣe: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìgbálẹ̀ àárọ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Èmi ni màá máa fọ abọ́ alẹ́, màá gbálẹ̀ ilé kí n tó sùn, màá sì fa omi sí táǹkì nígbàkígbà tí wọ́n bá múná dé lóru.” Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń dé láago 1 òru mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Tí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí aago rẹ ò sì tíì kúrò lójú kan nígbà tí Ràmádáánì bá dé, gba ìdáná sàárì. Ohun tí Màámi ń fẹ́ gan-an lè jẹ́ kí ìyàwó kí wọn kí àwọn ará ilé tó jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ní kí ọkọ rẹ bá ọ kí wọn láàárọ̀, kó o wá lọ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa nígbà tó o bá jí.

Ní ti obìnrin àdúgbò yẹn, òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bó o bá ń jáde sí àgbàlá lóru, tan iná, wọ bàtà tó ń dún, kó o sì kí ọdẹ. Má bá a jà. Jẹ́ kí Màámi fúnra wọn dá a lóhùn pé iṣẹ́ lo máa ń ṣe lóru. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ju tìrẹ lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á, àmọ́ má gba ti ẹni tó bá ní òun máa nà ọ́ tàbí fi ebi pa ọ́.

Bó o bá ń hanrun bí ẹni tí èémí fẹ́ gé, tó ò ń sùn lójijì láàárín ọ̀rọ̀, tàbí tí ayé ń sú ọ, má dúró de ọjọ́ 18 kankan. Lọ rí dókítà.

Àwọn kan sì wà tí aago wọn á tún padà síbi tó wà. Bí tìrẹ bá padà lẹ́yìn oṣù 3, yí aago tó o fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé aago 12 ọ̀sán sí 8 alẹ́ lo máa ń ṣí. Oníbàárà tó bá fẹ́ wá wọ aṣọ rẹ̀ wò láago 8 àárọ̀, fún un ní aago 1.