Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kíka ìtàn àròsọ nípa ilé tí kò tòrò?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo fẹ́ràn ìwé ìtàn àròsọ nípa ìdílé tó dàrú: bàbá ọ̀mùtí, ọmọ ìyá tó ń jà sí ogún, ìyá tó gbé àṣírí wọ inú sàréè. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kà á, síbẹ̀ mi ò lè gbé e sílẹ̀. Bí iná bá dé lóru, mo lè kà á di aago méjì, ìrun Súbúhì àfẹ̀mọ́júmọ́ á sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Arábìnrin kan ní àsàlátù wa ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé hàráámù ni. Ṣé kí n kó wọn dànù?

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàlámù, arábìnrin mi. Ẹ má tíì kó wọn dànù. Ọ̀rọ̀ Súbúhì ló le jù nínú ohun tí ẹ sọ, ohun kan sì tún wà tí ẹ kò béèrè tó yẹ kí n fi kún un.

Irọ́ tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí ènìyàn sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ mọ̀ pé àròsọ ni àròsọ. Àwọn onímímọ̀ kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn mìíràn gbà á láyè pẹ̀lú májẹ̀mu, ẹ̀rí àwọn wọ̀nyí ló sì lágbára lójú tèmi. Ìtàn àròsọ ni Maqamat tí al-Hariri ará Basra kọ, ẹni tó kú ní 1122, síbẹ̀ àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn ti fi kọ́ èdè Lárúbáwá láti ìgbà pípẹ́.

Ní ti ìtàn ilé tí kò dùn, ẹ wo hádíìsì (ìròyìn nípa Ànábì) ti Umm Zar' nínú ìwé Bukhari àti Muslim. Obìnrin mọ́kànlá jókòó, wọ́n ṣàdéhùn pé àwọn ò ní fi ohunkóhun pamọ́ nípa ọkọ àwọn. Ọ̀kan ní ọkọ òun dà bí ẹran ràkúnmí tó rù, lórí òkè tó ṣòro gùn. Òmíràn ní bí òun bá sọ̀rọ̀, ọkọ òun yóò kọ òun. Bí òun bá dákẹ́, òun á wà lágbede méjì, òun ò jẹ́ aya, òun ò sì jẹ́ ẹni tí a kọ̀. Umm Zar' ni obìnrin kọkànlá, òun sì yin Abu Zar' ọkọ rẹ̀. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) sọ fún ìyá wa Àíṣà, aya rẹ̀, pé bí Abu Zar' ṣe rí sí Umm Zar' ni òun rí sí i. Súrà Yusuf náà ńkọ́, tó ní àáyà 111? Ìlara, kànga, irọ́ tí àwọn ọmọ pa fún bàbá wọn, ojú bàbá tó funfun nítorí ìbànújẹ́.

Ṣùgbọ́n Súbúhì kò gba àwáwí. Abu Barzah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ròyìn pé Ànábì kórìíra oorun ṣáájú Ìṣáì àti ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí oorun gbé lọ yóò kírun nígbà tó bá jí, ìyẹn ni ìtánràn rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìsùn nítorí ìwé, tó mọ̀ pé òun ò ní lè jí, gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjìn kún un. Àárín Àsárì sí Màgàríbì ni kí ẹ máa kàwé. Bó bá di dandan kó jẹ́ alẹ́, ẹ kí Ìṣáì àti wítírì tán kí ẹ tó ṣí i, kí fóònù yín dún ní aago mẹ́wàá, kí ẹ sì dúró ní àárín orí ìwé. Ìparí orí ni òǹkọ̀wé máa ń fi ìwọ̀ sí. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ kí n ka orí yìí tán" á bá ara rẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Níbi tí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe yàrá tàbí oúnjẹ, ìwé rọrùn láti pa dé.

Bí ojú ewé kan bá ń ṣàpèjúwe sìná lọ́nà tó ń ru ara sókè, ẹ ṣí i kọjá. Bí ìwé bá kún fún un, ẹ pa á dé, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ohun tí ẹ kò béèrè nìyí, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Òǹkọ̀wé a máa mú wa wọ inú ọkàn gbogbo ènìyàn inú ìwé: a mọ ohun tí ìyá ọkọ ń rò bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, a mọ ìdí tí ọkọ fi pẹ́ níta. Lẹ́yìn ìwé mẹ́ta mẹ́rin, ojú yẹn kan náà ni ènìyàn á máa fi wo ilé tirẹ̀. Ọkọ yín pẹ́ dé láti Ọjà Ọba, ẹ ti parí ìtàn rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ìwé ilẹ̀ bàbá wọn ní Oǹdó, ẹ ti rí ìjà ogún. Nínú ilé tòótọ́, Ọlọ́hun kò ṣí ọkàn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún wa. Súrà Hujurat àáyà 12 ní ká jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá, ìyẹn ìfura tí kò ní ẹ̀rí, pé apá kan àbá ẹ̀ṣẹ̀ ni, ká má sì tọpinpin. Èrò tó kàn wọlé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá sọ ọ́ tàbí ṣe é. Èyí tí ẹ fún ní àga kó jókòó ló léwu. Ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìwé kan sí èkejì. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti dá ẹnìkan lẹ́bi lórí ohun tí ojú yín kò rí, tí etí yín kò gbọ́, ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Fún ìbànújẹ́, ẹ máa ṣe àdúà tí Ànábì máa ń ṣe: Allahumma inni a'udhu bika minal hammi wal hazan (Ọlọ́hun, mo sá di Ọ́ kúrò nínú àníyàn àti ìbànújẹ́). Bí oúnjẹ kò bá lọ lẹ́nu mọ́, tí oorun kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé wọ̀nyí ń fà yín nítorí pé wọ́n jọ ilé tí ẹ dàgbà sí, ẹ mú ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán dání lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kí a jọ sọ̀rọ̀.