Ọmọ Mi Fẹ́ Di Oníṣẹ́ Abẹ Láàárín Àwọn Ṣọ́jà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ẹni ọdún 21, ó wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Ó ní oníṣẹ́ abẹ láàárín àwọn ṣọ́jà lòun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kí ó wá ọsibítù kan jókòó sí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé abẹ kan náà ni gbogbo wọn ń mú dání. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé? Ṣé yóò máa gbé ìbọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mama. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọsẹ̀. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò bá fa ẹ̀kọ́ rẹ̀ gùn, yóò gba MBBS, ìyẹn oyè dókítà, ní nǹkan bí ọdún 24. House job, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun ní ọsibítù, ọdún kan. Àgùnbánirọ̀, ọdún kan. Ó di 26. Ẹni tó ti di dókítà tán, Direct Short Service, ọ̀nà tí àwọn ológun fi ń gba ẹni tó ti kàwé gboyè, ni ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú àwọn ìkéde bẹ́ẹ̀, 32 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òpin ọjọ́ orí, wọn a sì gba ẹni tó bá ti di consultant, ìyẹn àgbà dókítà tó ti parí ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nínú ẹ̀ka kan, títí dé 40. Kí ó ka ìkéde ọdún tó bá fẹ́ wọlé fínnífínní.

Residency nínú iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tó ń sọ ènìyàn di consultant, tún fẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìdánwò Primary, Part I àti Part II. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 28, tí ìdánwò kan sì gbé e ṣánlẹ̀, yóò lé ní 32 láì tíì di consultant. Ìlẹ̀kùn kan ti tì, èkejì kò tíì ṣí. Lójú tèmi, kí ó wọlé ní kété tó bá ti sin ìlú tán, kí ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣe residency. Owó oṣù kò ní í dá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n lè ní kí ó di ẹrù rẹ̀ lọ sí Maiduguri nígbà tí ìdánwò ku oṣù kan, kò sì gbọ́dọ̀ ní òun kò lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bàbá. Abẹ kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oníṣẹ́ abẹ ológun ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láì ṣe ló yà á sọ́tọ̀.

Ẹ wo ọta ìbọn tó gba itan ènìyàn kọjá. Ojú ibi tó gbà wọlé lè má tó orí ìka, àmọ́ bó ṣe ń sáré lọ ló ń fọ́ ẹran sọ́tùn-ún sósì, tó ń fa erùpẹ̀ àti àkísà aṣọ wọnú. Ẹni tí kò mọ irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ̀ ọ́, á rán an pa, ojú rẹ̀ á sì dára. Tó bá tó ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ti wú, òórùn ti gba wọ́ọ̀dù. Ẹran tó ti kú ni wọ́n bò mọ́ inú, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ti ń gbilẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí a ṣe é nìyí. A la awọ ara tẹ̀lé gígùn ẹsẹ̀, a tún la awọ funfun tó wé mọ́ iṣan, kí iṣan tó ń wú má baà fún ara rẹ̀ pa. A wá yẹ iṣan náà wò: àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ki àbí ó ti rọ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, ṣé ó sún kì nígbà tí a fi fọ́sẹ́ẹ̀pù fún un, ṣé ẹ̀jẹ̀ yọ nígbà tí a gé e? Èyí tí kò yege, a gé e dànù. Awọ ara kì í tètè kú, nítorí náà a kì í fi í ṣòfò. A fi omi iyọ̀ ọsibítù ṣàn án dáadáa, a tú gọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí a bá kì í mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìgò, oje inú rẹ̀ kò ní í rọ́nà jáde. A kò ní í rán an. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún la ó tó ṣí i ní tíátà. Bó bá mọ́, a rán an, bí kò bá mọ́, a tún gé. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣí i wò lójoojúmọ́ ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Ọgbẹ́ ojú (face) wà lára ìwọ̀nba èyí tí a sábà máa ń rán lọ́jọ́ kan náà, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ti ikùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara ẹni tó fara gbọta bá ti tutù ré kọjá ìwọ̀n 35°C, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní í dì dáadáa mọ́, iṣẹ́ abẹ gígùn ni yóò sì pa á. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, kí dókítà di ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó so ìfun tó ya pa láì tíì so ó pọ̀, kí ó fi gọ́ọ̀sì há ẹ̀dọ̀, kí ó bo ikùn láì rán, kí ó sì jáde. Lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48, tí ara ti móoru, tí ó ti gba ẹ̀jẹ̀, ni yóò padà wá parí ẹ̀. Ó ṣòro púpọ̀ fún ọ̀dọ́ oníṣẹ́ abẹ láti dáwọ́ dúró báyìí.

Tourniquet, ìyẹn ọ̀já tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ni yóò máa bá lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti so ó ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè ọgbẹ́, kí wọ́n sì kọ aago sí i. Wákàtí méjì kò léwu púpọ̀. Tó bá ti lé ní mẹ́fà, ẹsẹ̀ náà kì í sábà ṣeé gbà padà. Kí ẹnikẹ́ni má máa tú u díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń jò bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn. Oògùn tranexamic acid tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù, gíráàmù kan, gbọ́dọ̀ wọlé kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn ìfarapa. Ìwádìí CRASH-2 ti 2010, tí àwọn ọsibítù Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, ló fìdí oògùn náà múlẹ̀. Àtúnyẹ̀wò rẹ̀ sì fi hàn pé ó lè ṣe ìpalára tí wákàtí mẹ́ta bá ti ré kọjá.

Ní ti ìbọn: Àdéhùn Geneva gba dókítà láyè láti ní ìbọn kékeré, láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn aláìsàn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi kọlu ẹnikẹ́ni. Àdéhùn náà ló sì ní kí ó tọ́jú ọ̀tá bó ṣe ń tọ́jú tiwa, kí ó jẹ́ pé bí ọgbẹ́ ṣe le tó ni yóò fi mọ ẹni tó kàn. Larrey, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Napoleon, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láì wo ipò. Ẹni tó ń pariwo jù kọ́ la kọ́kọ́ ń mú.

Ẹ sì sọ fún Bàbá pé ọmọ yín kọ́ ni yóò kọ́kọ́ tọ ọ̀nà yìí. William Broughton Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, àti Africanus Horton gboyè oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1858, àwọn méjèèjì sì di dókítà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lásìkò àlàáfíà, ìpákè, apẹ́ńdíìsì àti ìjàǹbá ọkọ̀ ni yóò máa ṣe jù ní ọsibítù ológun bíi 68 ní Yábàá tàbí 44 ní Kàdúná. Bí ipò bá sì ṣe ń ga ni ìwé àti ìpàdé ń pọ̀ sí i. Mo mọyì ipò o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mú abẹ fún ọdún méjì máa ń le, kí ó yáa ní ọjọ́ tíátà tí kò ní í yẹ̀.

Ní báyìí, kí ó jókòó ti àwọn tó ń fún ènìyàn lóògùn oorun, pàápàá ketamine, torí òun ni wọ́n ń lò jù níbi tí ẹ̀rọ kò sí. Tí ọdún house job bá sì dé, kí ó wá ọsibítù tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wá.