Ṣé ara ọmọ tó gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà kò dára?

Rárá o. Ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń sọ pé, "Abẹ́rẹ́ yẹn kó ibà bá ọmọ mi." Kì í ṣe ibà ẹ̀fọn. Ara ọmọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà, ìgbóná náà sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ́rẹ́; aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ ló dára. Bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Ẹ má torí ìgbóná fo abẹ́rẹ́ èéyi ti oṣù 9 àti oṣù 15. Èéyi ń pa ọmọdé!